Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Fọwọ́ Kọ́ Iṣẹ́ Sáfà àti Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní Yàrá Ìdánrawò

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wọ yàrá ìdánrawò wa ní ẹ̀bá Àbújá ni ó ti há ìpele méjèèje OSI (àwòṣe tí ó pín iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sí ìpele méje) sórí kí ó tó dé, ṣùgbọ́n bí a bá gbé kọ̀ǹpútà méjì àti wáyà kan síwájú wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀kan rí èkejì, ojú ara wọn ni wọ́n máa ń wò. N kò dá wọn lẹ́bi. Níbi tí kọ̀ǹpútà 10 bá ti wà fún ènìyàn 60, àwọn tí ara wọn yá jù ni ọwọ́ wọn ń kan ẹ̀rọ, àwọn yòókù á sì máa yọjú láti ẹ̀yìn. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí ẹ ṣe lè lo ìwọ̀nba àkókò tí ẹ bá rí nídìí ẹ̀rọ kí iṣẹ́ náà lè mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ó sì rí i pé títún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe ni mo tẹnu mọ́ jù.

Ẹ kò nílò ojúlówó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, láti bẹ̀rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ó ní RAM 8 GB, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Banex ní Wuse 2, Àbújá, tó fún ọdún àkọ́kọ́. VirtualBox, tí a kì í sanwó fún, yóò jẹ́ kí ẹ dá kọ̀ǹpútà mẹ́ta sílẹ̀ nínú ẹyọ kan náà. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní RAM 1 GB, kí ẹ sì fi Debian, ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí wọn, irú èyí tí ó jẹ́ ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí nìkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Windows Server lè gba ẹ̀dà ìdánwò rẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 180. Ní ti router (tí ó ń so nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan mọ́ òmíràn) àti switch (tí ó ń so àwọn ẹ̀rọ inú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan pọ̀), Packet Tracer, ètò kọ̀ǹpútà ti Cisco, lè dúró fún wọn títí ọwọ́ yín yóò fi kan ti gidi. Kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ gba àwọn fáìlì náà ní òru tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé kò dí, kí ó sì fi fíláṣì pín wọn fún àwọn yòókù.

Ohun kan wà nínú ètò VirtualBox tí mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa rẹ̀: ẹ fi àwọn ẹ̀rọ náà sí Internal Network, níbi tí wọn yóò ti máa rí ara wọn nìkan, ẹ má ṣe fi wọ́n sí Bridged, èyí tí ó ń so wọ́n mọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé-ìwé gan-an. Ní ọdún kan, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan gbé DHCP (iṣẹ́ tí ó ń pín àdírẹ́sì fún àwọn ẹ̀rọ) kalẹ̀ lórí Bridged láìmọ̀, sáfà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín àdírẹ́sì fún àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba owó ilé-ìwé. Títí di ọ̀sán ni a fi ń wá ibi tí ó ti ń wá, èmi gan-an sì ni mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi rẹ̀ ru router.

Wáyà ni kí ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ṣáájú. Ìlànà T568B to àwọ̀ àwọn wáyà kéékèèké mẹ́jọ inú rẹ̀ báyìí: funfun onílà ọsàn, ọsàn, funfun onílà ewé, búlúù, funfun onílà búlúù, ewé, funfun onílà buráùn, buráùn. Ẹ má ṣe tú lílọ́ àwọn wáyà náà ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ kí ẹ tó tẹ orí RJ45 (orí oníke tí a ń tì bọ ẹ̀rọ) mọ́ wọn, nítorí pé lílọ́ náà ni kò jẹ́ kí wáyà kan da ti èkejì láàmú. Ẹ rántí pẹ̀lú pé mítà 100 ni òpin gígùn wáyà kan. Ẹ ó ba orí mẹ́rin tàbí márùn-ún jẹ́ kí ọ̀kan tó dára. Orí RJ45 kò wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni àdírẹ́sì IP, nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, kàn. Nínú 192.168.10.0/24 (nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn ìlà náà ni ó ń sọ bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣe tóbi tó), ẹ̀rọ 254 ni ó lè gba àdírẹ́sì. Bí ẹ bá fi /26 pín in sí mẹ́rin, apá kọ̀ọ̀kan yóò gba 62. Ẹ fi bírò ṣe ìṣirò yìí sórí ìwé títí yóò fi wọ̀ yín lára, kí ó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ 192.168.10.60 bá kọ̀ láti rí 192.168.10.70, ẹ ó ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé inú apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì wà.

Nígbà tí ẹ bá dé orí sáfà fúnra rẹ̀, ẹ gbé SSH (tí a fi ń wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn), DHCP àti DNS (tí ó ń yí orúkọ ojúlé padà sí àdírẹ́sì IP) kalẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì ṣe fọwọ́ kan èkejì kí ti àkọ́kọ́ tó dúró ṣinṣin. Kí ẹ tó tẹ Enter, ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sínú ìwé. Bí ohun mìíràn bá ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà wà. Ẹ tún aago sáfà ṣe pẹ̀lú, nítorí pé bí aago bá ṣì, àkọsílẹ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ yóò ṣì yín lọ́nà. Ẹ má wá Africa/Abuja, kò sí níbẹ̀. Africa/Lagos ni ẹ ó yàn, bí ó tilẹ̀ ń dun àwọn ọmọ Kubwa inú kíláàsì mi.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ bà á jẹ́. Nínú ẹgbẹ́ ẹni mẹ́rin, kí ẹnì kan jáde síta, kí àwọn mẹ́ta tí ó kù yọ àdírẹ́sì ẹnubodè (gateway, ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà jáde sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mìíràn), tàbí kí wọ́n dá DNS dúró, tàbí kí wọ́n yí /24 sí /26, tàbí kí wọ́n fi fáìlì ńlá kan kún dísìkì títí kò fi ní sí àyè mọ́. Kí ẹni tí ó jáde wọlé, kí ó sì wá àìsàn náà láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ìsàlẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀: ṣé iná ibi tí wáyà wọ̀ ń tàn? Àdírẹ́sì wo ni ẹ̀rọ náà ní? Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, a jẹ́ pé ẹ̀rọ náà kò rí DHCP ni ó ṣe fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ping (àṣẹ tí a fi ń wò bóyá ẹ̀rọ mìíràn yóò dáhùn) pe ẹnubodè, kí ó pe 8.8.8.8 (àdírẹ́sì Google kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì), kí ó wá pe orúkọ ojúlé kan, bí ẹnubodè yín bá ní ọ̀nà sí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí 8.8.8.8 bá dáhùn tí orúkọ kò sì dáhùn, DNS ni kí ó kọ́kọ́ fura sí. Ohun kan ṣoṣo ni kí ó máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ẹni tí ó bá yí nǹkan mẹ́ta pa pọ̀ kò ní mọ èyí tí ó wo àìsàn náà sàn, kódà bí ẹ̀rọ bá padà bọ̀ sípò. Ohun tí ó rí, ohun tí ó rò, ohun tí ó ṣe àti àbájáde rẹ̀ ni kí ó kọ sílẹ̀, pẹ̀lú déètì àti aago. Ìwé yìí ni mo máa ń fún ní máàkì jù, ó sì máa ń ya àwọn tí ìwé wọn mọ́ láìsí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀ lẹ́nu pé máàkì wọn kéré.

Òkè Ọya ní ìṣòro tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa dí fáànù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a sì máa kó iná sí wa lára, irú èyí tí ó ń ta ni lọ́wọ́ bí a bá di ilẹ̀kùn irin mú. Iná kékeré yìí lè ba RAM jẹ́. Ẹ fọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Ní ti iná ìjọba, ẹ lo UPS (bátìrì tí ó ń gbé ẹ̀rọ dúró díẹ̀ bí iná bá lọ), kí ẹ sì fi àkókò tí ó bá fún yín pa sáfà bí ó ti yẹ, ẹ má fi bá iṣẹ́ lọ. Ẹ máa ṣe ẹ̀dà fáìlì yín sí ibòmíràn, kí ẹ sì dá a padà sórí ẹ̀rọ òfìfo lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nítorí pé ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá padà rí, a kò lè gbójú lé e.

Nígbà tí ẹ bá lọ sí SIWES, ètò ìdánrawò lẹ́nu iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ITF (Industrial Training Fund) ń bójú tó, ìwé tí ẹ ń kọ àìsàn ẹ̀rọ sí yẹn ni kí ẹ mú dání. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọn, kódà bí ẹ bá kàn fẹ́ mọ iye ẹ̀rọ tí ó wà lórí rẹ̀, nítorí pé òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ka wíwọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa tẹ orí RJ45 mọ́ wáyà fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sí ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan.