Ẹ Má Gé Ewé Tí Ẹ̀yìn Ẹ̀ Pọ́n: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Fùjẹ́ẹ̀ Inú Irà

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé létí ọ̀sà àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn láti máa gbin ewéko sójúde ilé, fùjẹ́ẹ̀ ńlá inú irà yẹn, ewéko tí àwọn Faransé ń pè ní fougère, ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí. Acrostichum aureum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ló fún un lórúkọ yẹn ní 1753. Inú ẹrẹ̀ ló ń hù, níbi tí omi òkun àti omi odò ti ń pàdé, ẹ ó rí i láàárín àwọn igi palétúvíè, ìyẹn igi inú irà tó ń ta gbòǹgbò sínú omi oníyọ̀, lápá Ouidah àti Grand-Popo, ó sì wà létí òkun ilẹ̀ olóoru káàkiri àgbáyé. Ó máa ń ga ju èèyàn lọ dáadáa. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí bí wọ́n ṣe ń bẹ́ ẹ lulẹ̀ nítorí ohun tí wọn ò yẹ̀ wò dáadáa.

Èyí tó burú jù nìyí. Ẹnì kan á gbé ewé yẹn sókè, á rí i pé ẹ̀yìn ẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú, ló bá di pé àrùn ti mú un, kíá ó ti fa àdá yọ, tàbí kó lọ ra oògùn apakòkòrò wá wọ́n sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Kì í ṣe àrùn, kì í ṣe kòkòrò, ibẹ̀ gan-an ló ti ń bímọ. Àpò tíntìntín púpọ̀ ló kún ẹ̀yìn ewé yẹn pẹ́pẹ́, inú àpò wọ̀nyẹn ni lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń pè ní sípóò wà, sípóò yẹn ló sì ń gbé ìran ẹ̀ lọ síwájú. Ẹ fọwọ́ kàn án wò, ó rí bí aṣọ àrán lọ́wọ́. Tó bá ti gbó tẹ́ ẹ fi ìka nù ún, lẹ́búlẹ́bú pupa rúsúrúsú á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀ yàtọ̀ sí àrùn kò le rárá. Àrùn máa ń ṣe tótòtó ni, ibí kan á pọ́n, ibòmíì ò ní pọ́n, ó sì lè mú ewé èyíkéyìí. Ti fùjẹ́ẹ̀ yìí, ó máa ń bo ẹ̀yìn ọmọ ewé, ìyẹn àwọn ewé wẹ́wẹ́ tó wà lára ewé ńlá kan, délẹ̀délẹ̀ ni, ojú òkè ewé á ṣì máa dán ní tiẹ̀, àwọn ọmọ ewé tó wà lápá òkè nìkan ló sì máa ń ní in, àwọn yẹn sì máa ń kéré díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Tó bá ṣì ń ṣe yín bí iyèméjì, ẹ já ọmọ ewé kan ṣoṣo, ẹ dojú ẹ̀yìn ẹ̀ dé orí bébà funfun, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ò ti ní fẹ́ ẹ. Tó bá ti gbó, tílẹ̀ bá fi máa mọ́, lẹ́búlẹ́bú yẹn á ti dà sórí bébà. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe é, ẹ̀rù kì í bà wọ́n mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Àwọn míì ń wá òdòdó ẹ̀ kiri. Kò ní òdòdó, kò sì ní hóró, fùjẹ́ẹ̀ kankan ò ní. Sípóò yẹn tó bá bọ́ sórí ẹrẹ̀ tútù, kì í ṣe fùjẹ́ẹ̀ ló kọ́kọ́ máa hù, nǹkan pẹlẹbẹ kan ni, tútù yọ̀yọ̀, tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ, ara ìyẹn ni akọ àti abo wà, akọ á wẹ inú omi díẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ bá abo, ìgbà yẹn ni fùjẹ́ẹ̀ tá a mọ̀ tó yọ jáde. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí ẹrẹ̀ lásìkò òjò, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ọkọ́ há a dànù bí ẹni ń há èérí.

Ẹ tún jẹ́ mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè ní ẹ̀ka yẹn, látìdí dé ṣóńṣó, ewé kan ṣoṣo ni. Igi ẹ̀ gangan kúrú, ó ki, ìdí ẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá bẹ́ èyí tó ṣì ká jọ láàárín, ewé tó ń bọ̀ ló bẹ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ńkọ́? Torí pé létí omi oníyọ̀ ni wọ́n ti rí i, àwọn kan á gbé e sínú ìkòkò nílé, wọ́n á máa da omi iyọ̀ sí i. Ẹ̀ ń pa á nìyẹn! Ó lè fara da iyọ̀ ni, kì í ṣe pé iyọ̀ ló ń jẹ, ibi tí iyọ̀ ò ti pọ̀ ló ti ń ṣe dáadáa jù, tí iyọ̀ bá sì le jù sípóò ẹ̀ kì í fẹ́ hù. Ẹ wo omi tiwa níbí, látìgbà tí wọ́n ti la ọ̀nà omi Cotonou ní 1885 ni iyọ̀ òkun ti ń wọ ọ̀sà Nokoué tó fi ń dé ọ̀sà Àjàṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n tí odò Wẹmẹ bá kún, ó máa ń fọ iyọ̀ yẹn lọ. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ló bá a lára mu. Ẹ̀yin ará Kétu tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e lọ sílé, ilẹ̀ gbígbẹ ọ̀hún ò ní gbà á, àfi tẹ́ ẹ bá fi ìdí ẹ̀ sínú omi ní gbogbo ìgbà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi WhatsApp tàn yín pé ewé fùjẹ́ẹ̀ tó ká jọ dùn lọ́bẹ̀. Fùjẹ́ẹ̀ pọ̀ lóríṣiríṣi, ẹ lè ṣi ọ̀kan mú fún òmíì, ọ̀kan sì wà nínú wọn tó ń jẹ́ Pteridium, nǹkan tó ń fa jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ igbó palétúvíè. Tí wọ́n bá gé igi yẹn tán, bóyá fún ìdáná tàbí láti fi se iyọ̀, fùjẹ́ẹ̀ yìí ló máa ń gba ibẹ̀, ibẹ̀ á tún tutù yọ̀yọ̀, àwọn èèyàn á wá máa yọ̀ pé igbó ti padà. Kò tíì padà o. Fùjẹ́ẹ̀ á ṣù jọ débi pé ọmọ palétúvíè ò ní ríbi ta gbòǹgbò. Síbẹ̀ kì í ṣe fùjẹ́ẹ̀ lọ̀daràn, àwa tá a gé igi ni, nínú igbó tí wọn ò fọwọ́ kàn ó máa ń wà láyè tiẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ẹ má lọ máa hú gbogbo ẹ̀ dànù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin palétúvíè padà, ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn ín sí nìkan ni kẹ́ ẹ ṣán, kẹ́ ẹ sì hú ìdí fùjẹ́ẹ̀ ibẹ̀ tàìdítàìdí, torí tó bá jẹ́ ewé nìkan lẹ gé, ìdí yẹn á tún rú jáde, á sì bo ọmọ igi yín mọ́lẹ̀.