POST tó kọ̀: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwa tó ń kọ áàpù

Ká ní ẹ̀ ń kọ áàpù fún àwọn ẹlẹ́ja ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, kí oníbàárà tó wà ní Ìkẹjà lè ra ẹja kó sì sanwó lórí fóònù. Oníbàárà tẹ bọ́tìnnì ìsanwó, áàpù fi POST (irú ìbéèrè tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ) ránṣẹ́ sí API (ojú ọ̀nà tí áàpù ń gbà bá server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn, sọ̀rọ̀), nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, "kò ṣiṣẹ́" ló hàn. Ó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀ sí i.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó burú jù wà. Pé èsì kò dé ọ̀dọ̀ wa kò fi hàn pé ohun tí a rán kò dé ọ̀dọ̀ server. Ó lè ti dé, kí owó ti kúrò ní àkáǹtì, kó jẹ́ pé ìgbà tí èsì ń bọ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. GET kàn ń béèrè ọ̀rọ̀ ni, ẹ lè béèrè títí ilẹ̀ á fi ṣú. POST sábà máa ń dá nǹkan tuntun sílẹ̀: bí ẹ bá rán an lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n lè gbowó lẹ́ẹ̀mẹta lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ìyá tó ń ta ẹja kò mọ ohun tó ń jẹ́ API. Òun ni oníbàárà máa pè ní olè.

Torí náà, ẹ má kọ kóòdù tó ń tún POST rán láìní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Kí ẹ tó rán an rárá, ẹ fún ìrajà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí API náà bá gba header (àlàyé tó ń bá ìbéèrè rìn) tó ń jẹ́ Idempotency-Key, ibẹ̀ ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ sì lo nọ́ńbà kan náà bí ẹ bá ń tún un rán. Mo ti rí kóòdù tó ń ṣẹ̀dá nọ́ńbà tuntun nígbàkúùgbà tó bá tún rán; ìyẹn kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Bí API kò bá gbà á, ẹ kọ́kọ́ fi GET wádìí bóyá ìrajà náà ti wọlé.

Àìka èsì ló tẹ̀ lé e. Bí nọ́ńbà èsì náà (status code) bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, ohun tí ẹ rán ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò; bó bá jẹ́ 5, ọ̀dọ̀ server ni wàhálà wà. 401: server kò dá yín mọ̀. 403: ẹ kò láṣẹ. 415 sábà máa ń jẹ́ pé ẹ gbàgbé header Content-Type: application/json, tó ń sọ irú ohun tí ẹ rán. 429: ẹ ti rán an jù, ẹ dúró. Ẹ̀yin tó ń lo fetch (ohun tí JavaScript fi ń rán ìbéèrè), ẹ ṣọ́ra gidi: kì í ka 400 tàbí 500 sí àṣìṣe, catch yín (ibi tí kóòdù ti ń mú àṣìṣe) kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ yẹ response.ok wò.

Ẹ wá wo inú JSON fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí a ń gbà to ọ̀rọ̀ tí POST ń gbé lọ. Kò fẹ́ kọ́mà lẹ́yìn ohun tó gbẹ̀yìn. Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe òǹkà níbẹ̀, torí òdo kò gbọdọ̀ ṣíwájú òǹkà JSON. Ẹ kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀, "080…". Ní ti owó, kọ́bọ̀ ni Paystack, iléeṣẹ́ ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń gbà: ₦5,000 jẹ́ 500000. Ẹni tó bá kọ 5000, àádọ́ta náírà ló gbà.

Orúkọ wa náà ní tirẹ̀. Lẹ́tà 7 ló wà nínú Adéṣọlá, àmọ́ báìtì 13 ni nínú UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà), bí lẹ́tà olámì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ẹyọ kan. Ẹni tó fi iye lẹ́tà ṣírò Content-Length (header tó ń sọ gígùn ohun tí a rán) yóò gé ìparí JSON rẹ̀ dànù, server á sì kọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí èyí yọ àmì orí orúkọ olórúkọ. Báìtì ni kí ẹ kà.

Àdírẹ́sì http tó yẹ kó jẹ́ https lè mú kí server fi èsì 301 darí yín sí àdírẹ́sì mìíràn, POST sì lè di GET lójú ọ̀nà. Èsì ìdarí 307 àti 308 kì í yí i padà.

Bó bá ṣiṣẹ́ nínú Postman (áàpù tí a fi ń dán API wò) tó sì kọ̀ nínú browser, ẹ fi JSON sílẹ̀. Browser ti lè fi ìbéèrè OPTIONS tọrọ àyè lọ́wọ́ server kó tó rán POST, kí server má sì dáhùn bó ṣe yẹ. CORS ni à ń pe ìlànà ìtọrọ àyè yìí; orí server ni a ti ń tún un ṣe. Bó bá jẹ́ API ìsanwó, ẹ má pè é látinú browser pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀, torí ẹnikẹ́ni tó ṣí ojú ewé náà lè rí i. Server tiyín ni kó máa bá API náà sọ̀rọ̀.