Bí gbèsè bá ti ń ga ju ọjà inú ìsọ̀ lọ

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ará wa. Gbogbo ẹni tó ń tajà ní ọjà Ouando àti káàkiri Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ló yẹ kó mọ èyí. Bí gbèsè bá fẹ́ bò yín mọ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yá owó èlé tuntun láti fi san ti àná, ẹ má sì sá gba Nàìjíríà lọ.

Òfin gbèsè ti OHADA, àjọ tó ń ṣe òfin òwò kan náà fún Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, tí wọ́n tún ṣe ní 2015, la ọ̀nà fún oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́ àti àgbẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ṣì ń rí owó san, àmọ́ tí ọrùn ti ń wọ̀ yín, ẹ lè bẹ ilé ẹjọ́ kó yan alárinà tí yóò bá àwọn tí ẹ jẹ lówó sọ̀rọ̀. Conciliation ni wọ́n ń pè é. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí inú àṣírí ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọlọ́jà tí ariwo gbèsè rẹ̀ bá ti gba ọjà kan, ta ló tún máa ta ọjà fún un láwìn?

Bí ẹ kò bá lè san èyí tó ti tó àsìkò mọ́, ọjọ́ 30 ni òfin fún yín láti lọ kéde rẹ̀ nílé ẹjọ́. Ìlànà tó rọrùn wà fún ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 20, tí ọjà tó tà lọ́dún kò sì ju mílíọ̀nù 50 sẹ́fà.

Lálẹ́ òní, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan: ta lẹ jẹ, èló, ọjọ́ wo ló yẹ kẹ́ ẹ san, àti àwọn tó jẹ yín. Òun ni agbẹjọ́rò máa kọ́kọ́ béèrè.