Ọmọ Tó Ní Ásímà Tàbí Ẹ̀jẹ̀ SS Lórí Pápá Ilé Ẹ̀kọ́

Ìgbà tí ọyẹ́ bá mú, tí eruku gba pápá nílùú Ìlọrin, ni èémí máa ń dí ọmọ tó ní ásímà jù. Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá, kí ẹ tó yan ẹni tó máa sáré, ẹ ní kí òbí kọ àìsàn ọmọ, oògùn tó ń lò àti nọ́ńbà fóònù tó ń wọlé ránṣẹ́.

Kò yẹ ká torí ásímà yọ ọmọ kúrò nínú eré pátápátá. Ẹnu lèèyàn fi ń mí bó bá ń sáré. Atẹ́gùn gbígbẹ á wọlé tààrà, ọ̀nà èémí á sì fún pọ̀. Bí dókítà bá ti ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀, kó fa ìnhélà aláwọ̀ búlúù lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú eré, kó wá fi bí ìṣẹ́jú 10 na ara díẹ̀díẹ̀. Orí pápá ni kí ìnhélà wà. Èyí tí wọ́n tì mọ́ inú dúróà ọ́fíìsì kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Bí èémí bá há a, ẹ jẹ́ kó jókòó, kó na ẹ̀yìn ró. Ẹ má dá a dùbúlẹ̀. Bí kò bá lè fa ìnhélà dáadáa, ẹ wá ike omi 50cl tó mọ́ tó sì gbẹ, kí ẹ gé ihò sí ìdí rẹ̀. Kí ihò náà bá ẹnu ìnhélà mu rẹ́gí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oògùn á jò dànù. Ẹ gbọn ìnhélà, ẹ kì í bọ ihò náà, kí ọmọ fi ẹnu mọ́ ẹnu ike, ẹ tẹ ìnhélà lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ mí sínú mí síta lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ tún un ṣe ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Bí kò bá rọlẹ̀, tàbí tí kò lè sọ gbólóhùn kan parí, ilé ìwòsàn yá. UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, jìnnà sí ìgboro, nítorí náà ẹ ti mọ èyí tó sún mọ́ yín jù kí ọjọ́ eré tó pé.

Ọmọ ẹ̀jẹ̀ SS ńkọ́? Bí omi ara rẹ̀ bá gbẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ bíi dòjé, á dí iṣan, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Kó máa mu omi kí eré tó bẹ̀rẹ̀, láàárín eré àti lẹ́yìn rẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ tí òógùn bá ti rin, kó sì sinmi nígbàkígbà tó bá rẹ̀ ẹ́ láìtọrọ àyè. Eré ọlọ́nà jíjìn kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹni tí ibà ń ṣe kò gbọdọ̀ sáré rárá. Ẹni tó bá sì dákú lẹ́nu eré, ẹ má jẹ́ kó padà sí pápá títí dókítà á fi yẹ ọkàn rẹ̀ wò, bó tilẹ̀ dìde tó ń rẹ́rìn-ín.