Ohun tójú mi rí lọ́wọ́ sìmẹ́ńtì kí ixora tó bo iwájú ilé mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó, torí òun ló ń dùn mí jù. Iye tí mo fi ra ixora, igi òdòdó kékeré kan, ò tó ìdajì iye tí mo fi kó ìdọ̀tí táwọn bíríkìlà rì mọ́lẹ̀ síwájú ilé mi dànù, bẹ́ẹ̀ mo ti sanwó iṣẹ́ wọn pé pérépéré o. Ìbàdàn ni mo wà, lápá Akóbọ̀, iwájú ilé wa dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí gọ́tà, òòrùn ń pa á látàárọ̀ dalẹ́, kọ́ríko tí a kọ́kọ́ gbìn síbẹ̀ gbẹ dànù nígbà ọyẹ́, òjò wá dé ó ń wọ́ erùpẹ̀ lọ. Ìyẹn ni mo ṣe ní ixora kúkúrú ni mo máa gbìn, èyí tí ewé ẹ̀ kéré yẹn, tí kì í ga ju orúnkún lọ téèyàn bá ń gé e. Ó fẹ́ràn òòrùn, ewé ẹ̀ kì í rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀rùn, òdòdó pupa ẹ̀ sì dáa lójú.

Ti kòtò gbígbẹ́ àti omi bíbu, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan sáàárín ìkan àtìkejì, kẹ́ ẹ gbìn ín nígbà tójò bá ti rọ̀ dáadáa.

Àfi bí ewé tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, iṣan ewé nìkan ló ṣì dúdú. Ẹni tó tà á fún mi ní ebi ló ń pa á, kí n fi ajílẹ̀ yúríà sí i. A fi yúríà sí i, kò gbọ́. Ìyá tó ń gbé lódìkejì ní eérú ni, gádínà bá da eérú sí i, ó tún lọ gbé ìgbẹ́ adìyẹ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin, ó sì gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ńṣe ni ewé wá ń funfun! Mo padà lọ bá ẹni tó tà á, ó ní kí n ra òmíràn. Ra òmíràn kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, tí mo rà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, dúdú minimini, wọ́n ń tanná.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó kàwé nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn ló wá wò ó. Ó ní tó bá jẹ́ pé yúríà ló ń fẹ́ ni, ewé àgbà tó wà nísàlẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ pọ́n, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ewé tuntun ló pọ́n tí iṣan ẹ̀ ṣì dúdú, èròjà irin ni kò rí jẹ. Mo ní irin wo, ilẹ̀ Ìbàdàn tó pupa báyìí, ṣebí irin ló pọ́n ọn? Ó ní irin wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ tó ní ásíìdì díẹ̀ ni ixora ti lè mu ún, bíi 5 sí 6 lórí pH, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó nínú ilẹ̀, ibi tí ẹfun bá ti pọ̀ kò ní lè mu ún. Ó ní kí n gbẹ́ ilẹ̀. Mo gbẹ́ ẹ, kí ni mo rí? Àfọ́kù búlọ́ọ̀kì, sìmẹ́ńtì tó ti di òkúta, àpò sìmẹ́ńtì odindi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti po kọnkéré, wọ́n kàn fi erùpẹ̀ bò ó ni, wọ́n sì ní àwọn ti palẹ̀ mọ́. Ẹfun inú sìmẹ́ńtì yẹn ni kò jẹ́ kó lè mu irin. Eérú tí wọ́n ní ká dà sí i yẹn, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, ìgbẹ́ adìyẹ ẹlẹ́yin pẹ̀lú, torí wọ́n ń fún wọn ní ẹfun jẹ kí èèpo ẹyin wọn lè le.

Lébìrà ló hú gbogbo ẹ̀ jáde, mo sanwó ẹ̀, mo sanwó ẹni tó kó o lọ, mo tún ra ilẹ̀dú. Ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì ni kò ṣeé hú torí fàǹdéṣọ̀n, òkúta wẹ́wẹ́ ni mo dà síbẹ̀. Ixora tó sún mọ́ ọn la fún ní èròjà irin oníyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ẹ wo ara páálí ẹ̀ kẹ́ ẹ rí EDDHA, ìyẹn orúkọ ohun tí wọ́n so irin náà mọ́, torí èyí tí wọ́n so mọ́ EDTA kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ tí ẹfun bá wà. Owó ẹ̀ ga o jàre. Ewé tuntun tó jáde lẹ́yìn náà dúdú, inú mi dùn débi pé mo ń pe àwọn èèyàn wá wò ó.

Àwọn ixora náà ti pàdé báyìí, èpò ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè hù lábẹ́ wọn, ẹ̀ka tí mo gé lára wọn ni mo sì ń gbìn dí ibi tó ṣófo, mi ò ra òmíràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ tú ilẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó san báláǹsì bíríkìlà. Gádínà ṣì ń bí mi nínú ṣá, gbogbo ìgbà ló fẹ́ máa rẹ́ orí ixora kó lè tẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ṣónṣó ẹ̀ka ló ti ń tanná. Mo ti gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹ̀, kó dúró kí òdòdó tó wà lórí ẹ̀ rẹ̀ ná.