Bí mo ṣe so kọ̀ǹpútà Bàbá mi lókè pọ̀ mọ́ tèmi nísàlẹ̀

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni ilé wa ní Ṣómólú. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wà, òkè ni à ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Bàbá mi ní ọ̀nà ọ̀fun, ohùn wọn ò sì padà mọ́. Etí wọn dá ṣáṣá, ọwọ́ wọn ò gbọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò jáde. Orúnkún náà ò jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbá ilẹ̀ láti pè mí. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ń ṣiṣẹ́, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké, n kì í gbọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbá ilẹ̀ títí ó fi sú wọn. Omi lásán ni wọ́n ń fẹ́. Ìgbà tí mo gòkè lálẹ́ ni mo tó mọ̀, ó sì dùn mí wọra.

Ẹ ó ní kí ló dé tí a ò lo WhatsApp. A lò ó. Lẹ́tà orí fóònù kéré jù fún ojú wọn, dátà á tán láàárọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ ní ọ̀sán, fóònù tèmi sì wà nínú àpò nígbà tí íǹkì ti kún mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ya iṣẹ́ wà níwájú mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bàbá mi náà ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan lókè. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ ti òkè wá sísàlẹ̀, kí ló ń wá lókè òkun?

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ráútà ilé, àpótí tó ń pín Wáífáì, ò nílò dátà kó tó so kọ̀ǹpútà inú ilé pọ̀. Mo yọ SIM kúrò nínú tiwa láti fi dán an wò, àwọn láptọ́ọ̀pù méjèèjì sì ń rí ara wọn síbẹ̀. Iná nìkan ni ráútà ń fẹ́.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dá. Láyé Windows XP, tí a bá tẹ "net send", ọ̀rọ̀ á yọ gannboro lójú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Àwọn onípolówó ló bà á jẹ́, wọ́n ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ju ọ̀rọ̀ ìpolówó sójú àwọn èèyàn. Microsoft tì í pa nínú àtúnṣe XP tó jáde ní 2004, kò sì sí nínú Windows Vista mọ́ rárá. Àṣẹ "msg" ló rọ́pò rẹ̀, àmọ́ kò sí nínú Windows Home, Home sì ni èyí tó wà lórí láptọ́ọ̀pù Bàbá. Mo bá fi ìyẹn sílẹ̀, mo gbé Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, sórí méjèèjì. Ọ̀fẹ́ ni.

Mo tẹ "ipconfig" láti mọ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Tèmi jẹ́ 192.168.0.101, ti Bàbá 192.168.0.104. Láti 1994 ni wọ́n ti ya àwọn àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 sọ́tọ̀ fún lílò nínú ilé. Àìmọye ilé l'Ékòó ló lè ní 192.168.0.101, bí gbogbo ilé ṣe ní yàrá kìíní tirẹ̀, láìṣe pé ọ̀kan ń dí èkejì lọ́wọ́. Èyí ni mo kọ sórí kọ̀ǹpútà tèmi, èyí tó ń retí ọ̀rọ̀:

import socket
s = socket.socket()
s.bind(("0.0.0.0", 5050))
s.listen()
while True:
    ona, eni = s.accept()
    print(ona.recv(1024).decode("ascii"))

5050 yẹn ni nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ètò náà ti ń retí àlejò. Mo kàn yàn án ni. Èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí ti Bàbá ò ju ìlà mélòó kan lọ:

import socket
oro = input("Ọ̀rọ̀: ")
s = socket.create_connection(("192.168.0.101", 5050))
s.sendall((oro + "\n").encode("ascii"))
s.close()

Ọ̀rọ̀ ò dé. Mo sáré sókè sódò bí ìgbà mẹ́jọ. Firewall Windows, ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu ohun tó lè wọlé láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló dí ọ̀nà: nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí Python, ó béèrè bóyá kí ó gbà á láàyè, mo sì ti fi ìkánjú tẹ Cancel. Ẹ má tẹ Cancel o, nítorí Windows á fi ṣe òfin pé kí ó máa dí i lọ. Mo yí Wáífáì ilé wa láti Public sí Private, mo wá Python rí nínú àkójọ firewall, mo fi àmì sí i ní ẹ̀gbẹ́ Private. Ẹ má sì jẹ́ kí "ping", àṣẹ tí a fi ń wò bóyá kọ̀ǹpútà kan ń dáhùn, tàn yín jẹ. Firewall lè dí ping nìkan kí ọ̀nà tó kù sì ṣí. Èmi fi ping ṣòfò nǹkan bí wákàtí kan.

"Bawo ni" ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wọlé. Mo pe Bàbá wá wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n fajú ro. Kọ̀mpósítọ̀ ni wọ́n, ogún ọdún àti lé ni wọ́n fi ń to lẹ́tà òjé ní ẹyọ ẹyọ. Wọ́n tọ́ka sí "Bawo" lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n fi ìka fa àmì lókè rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Àmì ohùn dà?

Mo fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kún inú Windows fún wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n tẹ "Ṣé o ti jẹun?" Ètò náà kú lójú ẹsẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi: "ascii", ọ̀nà tí mo ní kí ètò náà fi sọ lẹ́tà di nọ́ńbà, ò mọ̀ ju lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lọ. Mo fi "utf-8", tó mọ lẹ́tà Yorùbá náà, rọ́pò rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọ̀rọ̀ náà sì wọlé tàmì tàmì. Nínú utf-8, báìtì (ìwọ̀n ààyè tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà) kan ni "e" ń gbà, mẹ́ta ni "ẹ", "ẹ́" tó tún ru àmì òkè ń gba márùn-ún. Ẹ rántí ìyẹn, nítorí ó padà wá bá mi.

Ẹ má ṣe fi àdírẹ́sì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà o. Lọ́jọ́ kẹta, NẸ́PÀ mú iná, wọ́n dá a padà, ọ̀rọ̀ ò wọlé mọ́. Ráútà ti pín àdírẹ́sì tuntun fún wa, tèmi ti di 103. Mo wọ inú ojú ìwé ìtọ́jú ráútà, mo dè é pé kí 101 jẹ́ ti kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù títí lọ. Ibẹ̀ náà ni mo ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà Wáífáì, torí àwọn oníbàárà mélòó kan ti mọ ti tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ wa sì ń lọ ní gbangba. Ẹni tó bá wà lórí Wáífáì yẹn tó sì mọ̀ ọ́n ṣe lè kà á. Ẹ má fi nọ́ńbà báńkì ránṣẹ́ báyìí.

Mo wá fi tkinter, irinṣẹ́ fèrèsé tó bá Python wá, ṣe fèrèsé kan tí ń yọ bo iṣẹ́ ọwọ́ mi pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ pé etí ni mo fi ń dúró de Bàbá mi mọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, fèrèsé ò yọ, ètò náà kàn kú. Mo gòkè. Wọ́n ti jókòó tì í láti ìdajì wákàtí, ọ̀rọ̀ gígùn, èyí tó gùn jù láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ó ti lọ kúrò lójú tiwọn, kò sì dé ọ̀dọ̀ mi. 1024 yẹn ni. Báìtì 1024 péré ni mo ní kó gbà lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú báìtì mẹ́ta, báìtì márùn-ún, ọ̀rọ̀ Bàbá ti ré e kọjá, ó sì gé lẹ́tà kan sí méjì láàárín. Python ò lè ka ààbọ̀ lẹ́tà. Mo bẹ̀ wọ́n, mo fi èyí rọ́pò ìlà ìkẹyìn, kó máa gbà títí tó fi dé òpin ìlà:

    print(ona.makefile(encoding="utf-8").readline())

Wọ́n tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo dúró nísàlẹ̀, n ò tan ẹ̀rọ kankan. Ó yọ:

"Ọ̀bẹ ẹ̀rọ tí o fi ń gé bébà ti kú. Láti àná ni mo ti ń gbọ́ ọ. Bí ó bá mú, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń dún. Ní báyìí, ó ń fà kó tó já..."

Ó ṣì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ibi tí mo lè gbé e lọ fún pípọ́n, iye tí n kò gbọdọ̀ san jù, pé kí n má fi ọ̀bẹ náà kan ìwé ìpè ìgbéyàwó tó wà lórí tábìlì. Mo mú bébà tí mo gé kẹ́yìn, mo fi àtàǹpàkò tọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rí hàyàhàyà lóòótọ́. Mo tú ọ̀bẹ náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.