Bí mo ṣe kọ wàsíyà mi ní Ìlọrin

Àwọn ọmọ ọmọ mi méjì ló jẹ́ kí n dìde sí ọ̀rọ̀ wàsíyà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí Mùsùlùmí fi sílẹ̀ pé kí wọ́n fún ẹni báyìí ní apá kan dúkìá òun lẹ́yìn ikú òun. Àkọ́bí mi obìnrin ló bí wọn, ó sì ti di olóògbé. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé, nínú èrè aṣọ òkè tí mò ń tà ni mo ti ń san owó ilé-ìwé wọn. Lọ́jọ́ kan ní àsàlátù, ìpàdé àdúrà wa, Àáfà wa ń ṣàlàyé ogún, wọ́n ní ọmọ tí ọmọbìnrin ẹni bí kò ní ìpín nínú ogún nígbà tí ọmọ ẹni gan-an bá wà láàyè. Mo dúró dè wọ́n títí gbogbo èèyàn fi lọ tán. Mo ní, "Àáfà, àwọn tèmi ńkọ́?" Wọ́n ní ká tiẹ̀ ní ọkùnrin ni ọmọ mi tó kú, àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó wà láàyè ì bá dí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́nà. Wọ́n ní torí irú wọn gan-an ni wàsíyà ṣe wà.

Ìlànà méjì ni wọ́n kọ́kọ́ là sílẹ̀ fún mi. Àkọ́kọ́, wàsíyà kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí èèyàn ní lọ. Ìkejì, a kì í ṣe wàsíyà fún ẹni tó ti ní ìpín nínú ogún, àfi bí àwọn ajogún yòókù bá gbà á tọkàntọkàn lẹ́yìn ikú ẹni. Wọ́n sọ ìtàn Sa'ad ọmọ Abi Waqqas, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé Ànábì Muhammad, tó ṣàìsàn ní Mẹ́kà, tó ní òun fẹ́ fi ìdá méjì nínú mẹ́ta dúkìá òun ṣe sàráà torí pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni òun ní. Ànábì ní rárá. Ó ní ìdajì ńkọ́? Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta náà sì pọ̀, pé kó fi àwọn ajogún rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọrọ̀ sàn ju kó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa tọrọ lọ. Ibn Abbas, sàhábé mìíràn, tiẹ̀ fẹ́ kí àwọn èèyàn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìdámẹ́rin. Èyí ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, òun ni mo sì mú.

Kí n tó kọ ìlà kan, mo ní láti mọ ohun tó jẹ́ tèmi. Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọjà Ọba, mo háyà rẹ̀ ni. Ọjà inú rẹ̀ ló jẹ́ tèmi. Mo ní ilẹ̀ kan lọ́nà Ẹ̀gbẹ́jìlá tí orúkọ mi wà lórí ìwé rẹ̀, mo ní góòlù, mo ní owó ní báńkì àti nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Yàrá tí wọ́n ń pè ní tèmi ní agboolé bàbá mi, a ò tíì pín ilé náà, n kò lè fi yàrá kan pàtó ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Lẹ́yìn náà ni ìwé àwìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ta aṣọ ẹbí á mọ̀ ọ́n: ìyàwó ti dé ilé ọkọ, ó ti bímọ, owó aṣọ kò tíì pé. Gbogbo owó yẹn, dúkìá mi ni. Èyí tí èmi náà jẹ àwọn ahunṣọ, gbèsè ni. Ìnáwó ìsìnkú ló ń ṣáájú, gbèsè á tẹ̀ lé e, ìgbà tí ẹ bá san án tán ni wàsíyà á kàn, kí ogún tó wá kàn. Nítorí náà mo kọ orúkọ àti iye síbẹ̀, àwọn tó jẹ mí àti àwọn tí mo jẹ.

Ilé tí à ń gbé ní Tánkẹ̀ ló le jù. Ọkọ mi, bàbá àwọn ọmọ mi, ló ra ilẹ̀, orúkọ wọn ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó mi ni a fi kan òrùlé, òun náà ni a fi ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹ̀sìn wa kò pa owó ìyàwó pọ̀ mọ́ ti ọkọ. Mo wá bi wọ́n léèrè, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀bùn ni mo fún yín àbí ìpín ni mo ní níbẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn Súbúyì, wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé ìdámẹ́rin ilé náà jẹ́ tèmi, wọ́n pe àbúrò wọn kó wá jẹ́rìí. Lójú tèmi, àìsọ irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń tú ilé ká láàrin wa, kì í ṣe àìní ìwé lọ́yà.

Àáfà bá mi ṣe ìṣirò. Ká ní ₦8,000,000 ló kù lẹ́yìn gbèsè. Ìdámẹ́rin, ₦2,000,000, ni wàsíyà: ₦1,500,000 fún àwọn ọmọ ọmọ mi, ₦500,000 fún ilé-kéwú àdúgbò wa láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Èyí tó kù, ₦6,000,000, Súrà Nisáì nínú Kùránì ti pín in. Ọkọ mi ní ìdámẹ́rin, ₦1,500,000. Ìyá mi tó ṣì wà láyé ní ìdámẹ́fà, ₦1,000,000. Ọmọkùnrin mi méjèèjì, ₦1,400,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan; ọmọbìnrin mi tó kù, ₦700,000. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé wọ́n ní ìpín, ojú wọn yí padà. "Ta ni fẹ́ jogún rẹ? Ìwọ lo máa sin mí." Mo ní àmín, mo sì ń bá ìṣirò mi lọ.

Nínú ìwé náà, n kò kọ iye owó, ìdá ni mo kọ. Náírà ọdún yìí kọ́ ni náírà ọdún tó ń bọ̀.

Mo ronú ọmọbìnrin mi yẹn, kí n bù kún tirẹ̀. Wàsíyà kò ṣeé ṣe fún un torí ajogún ni. Ẹ̀bùn ojú ayé ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a fún nígbà tí ara ẹni ṣì le. Bí mo bá kú kó tó gbà á, ó ti di ogún. Àáfà sì kìlọ̀ pé Ànábì kò fẹ́ kí òbí fi ẹ̀bùn ṣojúsàájú láàrin ọmọ. Mo fún un ní góòlù díẹ̀, mo wá nǹkan fún àwọn ọkùnrin náà.

Lẹ́yìn èyí ni mo lọ rí lọ́yà, torí ọ̀rẹ́ mi kan ní Òmù-Àrán, Krìstẹ́nì ni, ń sọ fún mi pé ohun tó bá wù mí ni kí n kọ. Ìwé ìhágún (will) tiwọn ni ìyẹn: ẹlẹ́rìí méjì á wà níbẹ̀ pa pọ̀ nígbà tí ẹni tó ni ín bá ń fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí tàbí ọkọ tàbí aya ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ ní ìpín nínú rẹ̀, Kọ́ọ̀tù Gíga ni wọ́n sì ti ń fi òǹtẹ̀ lù ú. Lọ́yà ní òfin ìwé ìhágún Kwara yọ ẹni tó wà lábẹ́ òfin Islam sílẹ̀, ó sì dárúkọ ẹjọ́ Ajibaiye ti 2007, níbi tí Kọ́ọ̀tù Kòtẹ́milọ́rùn ti sọ pé Mùsùlùmí kò lè fi ìwé ìhágún gba ẹ̀yìn òfin Islam kọjá. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lórí tèmi, Kọ́ọ̀tù Kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà ló ní agbára lórí rẹ̀ bó bá di kòtẹ́milọ́rùn. Ó tún ní kí n má ṣe gbọ́kàn lé next of kin, orúkọ ẹbí tí mo kọ sí báńkì: ẹni tí wọ́n máa kàn sí bí mo bá kú ni, kì í ṣe ẹni tí owó náà di tirẹ̀.

Àwọn ọkùnrin méjì láti àsàlátù ló jẹ́rìí, kò sí èyí tó ní nǹkan gbà nínú wọn. Àbúrò mi ní Àdẹ́ta ni mo ní kó mú un ṣẹ, kó sì tọ́jú owó àwọn ọmọ náà títí wọn yóò fi dàgbà. Bàbá wọn ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, èmi ò sì fẹ́ kí owó yẹn di owó oúnjẹ ilé kejì. Mo sọ èyí fún bàbá wọn lójúkojú. Ó kọ́kọ́ bínú, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i.

Olórí ilé-kéwú gbọ́ nípa owó kànga náà níbì kan, wọ́n fẹ́ kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kéde ohun tí mo ṣì lè yí padà lọ́la. Bí omi bá ń jẹ yín níyà nísinsin yìí, ẹ dá owó kànga sílẹ̀ láàrin ìjọ, èmi náà á mú tèmi wá.